Ọmọ Kan Tó Lé Nínú Kíláàsì

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bi mí bóyá kí ẹ fi iṣẹ́ ẹ̀kọ́ ṣe iṣẹ́ ayé yín, mo ti gbọ́ yín. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ilé mi wà ní Harburg, ní ìlú Hamburg, mo ń gbọ́ ọkọ̀ ojú irin S-Bahn láti orí àga mi, àyè sì gbà mí láti sọ̀rọ̀. Ẹ má retí kí n máa fi ọ̀rọ̀ dídùn fa ojú yín mọ́ra. Àwọn tó ti gbọ́ mi lórí rédíò mọ̀ pé ẹnu mi kì í sinmi, ohun tó bá sì wà níkùn mi ni mo máa ń sọ. Èyí tí mo fẹ́ sọ lónìí nìkan ni n kò sọ lórí rédíò rí.

London ni wọ́n bí mi sí. Àwọn òbí mi ń kàwé, wọ́n tún ń ṣiṣẹ́, wọn kò ráyè ọmọ. Wọ́n bá gbé mi fún obìnrin òyìnbó kan létí òkun kí ó máa bá wọn tọ́jú mi. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ìgbà náà ni wọ́n tọ́ bẹ́ẹ̀. Mo lo ọdún mẹ́sàn-án lọ́dọ̀ rẹ̀. Joan ni orúkọ rẹ̀, Joan náà ni mo sì ń pè é, torí bí gbogbo ọmọ inú ilé ṣe ń pè é nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú mi lọ sí Ìbàdàn, níbi tí mo ti kọ́ Yorùbá pẹ̀lú ẹkún, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń fi ohùn mi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo kọ́ ọ yanjú. Mo mọ ìkúnlẹ̀, mo mọ ìkíni àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́, mo mọ ẹni tí wọ́n ń sọ "ẹ" sí àti ẹni tí wọ́n ń sọ "o" sí. Mo gbà pé kò sí ohun tó kù tí n kò mọ̀.

Mo padà sí England, mo gboyè, yunifásítì kan ní Hamburg sì gbà mí síṣẹ́. Ìyẹn kò gba àlàyé. Owó oṣù náà ń jẹ́ kí èèyàn jẹun, kí ó sì sanwó ilé. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni kí n máa jókòó sẹ́yìn kíláàsì, kí n máa wo bí olùkọ́ ṣe ń kọ́ni àti bí àwọn ọmọ ṣe ń gbọ́. Bí wọ́n ṣe ń pè mí ní ọ̀jọ̀gbọ́n tó yìí, ohun tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe nìyẹn. Mo jókòó, mo wò, mo kọ ohun tí mo rí sílẹ̀.

Frau Hinrichs ni ọ̀gá tó kọ́ mi. Obìnrin kúkúrú ni, ewú ti bo orí rẹ̀, aṣọ tó dà bí eérú ló sì máa ń wọ̀ lójoojúmọ́. Bó bá jókòó sẹ́yìn kíláàsì, kò ní pẹ́ rárá tí àwọn ọmọ á fi gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Olùkọ́ náà á gbàgbé. Ní ọjọ́ kan, èmi tí mo jókòó tì í gan-an ṣèèṣì gbé báàgì mi lé e lẹ́sẹ̀, kò mira. Ó kàn wo báàgì náà títí mo fi gbé e kúrò.

Òfin rẹ̀ pọ̀. Bàtà tí kì í dún ni kí a wọ̀. Pẹ́ńsùlù ni kí a fi kọ̀wé, torí bírò máa ń họ ìwé, ọmọ á sì yíjú padà. A kò gbọdọ̀ wúkọ́. A kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín bí ọmọ bá pa wá lẹ́rìn-ín. Èyí tó ga jù ni pé a kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, ohun yòówù tí wọn ì báà bi wá. "Ní kété tí o bá ti lanu," ó sọ fún mi, "ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe tiwọn mọ́, ọwọ́ rẹ ti wà nínú ẹ̀." Bí kíláàsì bá tú, á dá mi dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa da ìbéèrè bò mí. Ọmọ wo ló fi ọwọ́ pamọ́ sábẹ́ tábìlì? Ta ni olùkọ́ kò wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Bí mo bá ṣì í, yóò ní kí n padà síbẹ̀ lọ́la, àti lọ́túnla, títí n ó fi mọ̀ ọ́n. Mo sunkún nítorí obìnrin yẹn, n kò ní tàn yín.

Ó tún ní òfin kan tí kò yé mi. Kí a tó kọ ohunkóhun, a gbọ́dọ̀ ka àwọn ọmọ inú kíláàsì lẹ́ẹ̀mẹta: láti ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé, láti ojú fèrèsé padà sí ẹnu ọ̀nà, ẹ̀ẹ̀kẹta ni kí a di ojú kí a kà á láti inú orí. Lẹ́yìn náà la máa tó wo rẹ́jísítà.

"Bí iye rẹ̀ kò bá wá dọ́gba ńkọ́?" mo bi í.

"Kọ iye tó wà nínú rẹ́jísítà," ó wí. Mo rò pé àgbà ló ń dé sí i.

Ọdún kẹta iṣẹ́ mi ni àjálù mi dé. Ilé ẹ̀kọ́ tó ti ṣẹlẹ̀ wà ní Rothenburgsort, ní Hamburg, wọ́n ti wó o báyìí. Ọmọ Yorùbá kan ṣoṣo ló wà nínú kíláàsì kejì níbẹ̀. Ìbídùn ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ, irun rẹ̀ dì mọ́lẹ̀ rúmúrúmú, kì í sì í sọ̀rọ̀ tó bí olùkọ́ rẹ̀ ṣe fẹ́. Bí àgbà bá ń bá a wí, ilẹ̀ ló máa ń wò. Schulamt, ìyẹn ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn ilé ẹ̀kọ́, ní kí wọ́n kọ Gutachten nípa rẹ̀. Ìwé tí àwọn onímọ̀ fi ń sọ bí ọpọlọ ọmọ ṣe rí ni, òun ni wọ́n á fi pinnu bóyá kí wọ́n gbé e lọ sí Sonderschule, níbi tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ tí wọ́n sọ pé ìwé kò yé lọ sí. Ẹni tó bá dé ibẹ̀, bóyá ló fi ń padà sí ọ̀nà tí àwọn yòókù ń gbà.

Frau Hinrichs ń ṣàìsàn ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ó bá rán èmi nìkan. Inú ọkùnrin tó ń ṣe ìdánwò náà, Herr Voss, dùn láti rí mi. Ó ní ó dára bí ẹni tó mọ èdè àti àṣà ọmọ náà ṣe wà níbẹ̀. Yàrá kékeré kan ni wọ́n fún wa. Ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì wà lórí tábìlì, ó ń yí. Mo jókòó sí igun, mo mú pẹ́ńsùlù mi jáde.

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ó to igi tí wọ́n kó fún un, ó ka oókan dé ogójì ní èdè Jámánì, ó dárúkọ gbogbo ẹranko tó wà nínú àwòrán. Herr Voss wá bi í pé kí ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ìbídùn tẹrí ba. Ó tún bi í. Ọmọ náà gbé ojú sókè, ó wò mí ní igun tí mo wà, ó tún tẹrí ba. Láti ìgbà náà lọ, kò dáhùn ìbéèrè kankan mọ́, títí ìdánwò náà fi parí. Herr Voss kọ̀wé, ó ní kí n fọwọ́ sí i pé mo wà níbẹ̀, mo sì fọwọ́ sí i. Bí mo ṣe rántí rẹ̀ nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èmi kàn jókòó, mo kàn kọ̀wé, mo kàn fọwọ́ sí i. Wọ́n gbé Ìbídùn lọ sí Sonderschule kí òjò yìnyín tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo padà sí kíláàsì yẹn fún iṣẹ́ mìíràn. Mo ka àwọn ọmọ láti ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé, mẹ́tàlélógún. Mo kà á padà, mẹ́tàlélógún. Mo dijú, mo kà á, mẹ́tàlélógún. Rẹ́jísítà ní méjìlélógún. Mo ní àárẹ̀ ni. Mo tún un kà, mo ń fi ìka kan ẹsẹ̀ mi bí orí kọ̀ọ̀kan ṣe ń kọjá. Ìgbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú yàrá gbóná, ìka mi lọ sílẹ̀, iye sì gòkè sí i. Àga òfìfo ló wà níbẹ̀. Kí ẹ má ṣì mí gbọ́ o, n kò rí ẹnikẹ́ni lórí àga náà. Iye yẹn ló kọ̀ láti dín. Mo kọ méjìlélógún.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, obìnrin kan tọ̀ mí wá lẹ́yìn ìsìn ní ìjọ Aládùúrà tí mo máa ń lọ ní Harburg. N kì í ṣe ẹni ìjọ gidi, oúnjẹ àti Yorùbá ló ń gbé mi lọ síbẹ̀. Obìnrin náà wọ sùtánà funfun, kò wọ bàtà. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ ṣeun ma. Èmi ni màmá Ìbídùn. Wọ́n ní ọmọ wa kan wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, pé ó bá wa dá sí i. God bless you ma."

Mo ní kí ó dìde. Mo béèrè bí ọmọ ṣe ń ṣe.

"Ó wà ńbẹ̀. Ó ní ohun tí àwọn fi ṣeré lọ́dún méjì sẹ́yìn ni wọ́n ń kọ́ àwọn. Ọmọ yìí ló máa ń ka gbogbo lẹ́tà Ausländerbehörde, àwọn tó ń fún àlejò ní ìwé ìgbélùú, fún mi o, ma. Òun ló ń bá mi túmọ̀ ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ dókítà. Mo bi í pé kí ló ṣe tí kò dáhùn. Ó ní wọ́n ní kí òun pe orúkọ mi, pé báwo lòun ṣe máa gbẹ́nu lé orúkọ ìyá òun lójú àgbà." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo sọ fún un pé ó ṣe dáadáa. Àbí kò ṣe dáadáa ni, ma?"

Mo ní ó ṣe dáadáa. Kò sí ọmọ Yorùbá tí wọ́n tọ́ nílé tí kò mọ̀ pé wọn kì í pe òbí ẹni lórúkọ. Èmi náà mọ̀ ọ́n bí èèyàn ṣe ń mọ ohun tó kà nínú ìwé. Kò sí lára mi. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi pe Joan ní Joan. Ìdí nìyẹn tí ohunkóhun kò fi sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí ọmọ náà tẹrí ba níwájú mi.

Ohun tó yẹ kí n ṣe kò farasin. Kí n kọ̀wé sí Schulamt lọ́jọ́ kejì pé mo ṣìnà, kí wọ́n dá ọmọ náà padà. Ṣùgbọ́n yunifásítì kan ní Berlin ti ń bá mi sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, wọ́n fẹ́ fi mí ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, ohun tí wọ́n sì fẹ́ràn lára mi ni pé mo mọ àwọn ọmọ àlejò ju ẹnikẹ́ni lọ. Mo sọ fún ara mi pé n ó kọ ọ́ bí mo bá ti dé ọ̀hún. Mo dé ọ̀hún, n kò kọ ọ́. Ojú tì mí, ẹ̀rù bà mí, mo sì fẹ́ àga náà. Kò sí ohun mìíràn níbẹ̀.

Kreuzberg, ní Berlin, ni mo ti lo ọdún tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi, ibẹ̀ náà ni orúkọ mi ti jáde. Mo bú àwọn tó ń kó ọmọ àlejò lọ sí Sonderschule. Mo bú wọn lórí rédíò, mo bú wọn níwájú mínísítà kan tó fi kọ́ọ̀bù omi rẹ̀ bojú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ẹnu mi ti le jù, pé bí ará Britain ṣe máa ń ṣe nìyẹn, wọn kò mọ̀ pé Ìbàdàn ló kọ́ mi. Inú mi ń dùn sí i. Gbogbo ohun tí mo sọ jẹ́ òótọ́, n kò sì dárúkọ Ìbídùn lẹ́ẹ̀kan.

Gbogbo kíláàsì tí mo bá wọ̀ ni iye ti ń lé. Ní Kreuzberg, rẹ́jísítà á ní mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tèmi á jẹ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Mo máa ń mú akẹ́kọ̀ọ́ mi kan dání kí ó bá mi kà á, tirẹ̀ á pé géérégé. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í lo kámẹ́rà fídíò, inú mi dùn, mo ní ẹ̀rọ á yọ mí. Nínú fídíò, iye náà máa ń pé. Bí mo bá tún jókòó sínú yàrá náà gan-an, yóò tún fi ẹyọ kan lé. Nígbà tó yá, mo ti máa ń mọ ibi tó wà kí n tó kà débẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú yàrá gbóná ni.

Frau Hinrichs ti darúgbó gan-an nígbà tí mo lọ kí i ní ilé àwọn àgbàlagbà ní Hamburg. Òòrùn ọ̀sán wọ yàrá rẹ̀. Ó gbé tíì síwájú mi, ó wò mí bó ṣe máa ń wò mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Mélòó?" ó bi mí.

N kò sọ ohunkóhun fún un rí. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. "Ẹyọ kan," mo dáhùn.

"Mẹ́rin ni tèmi." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ àwọn ọmọ mẹ́rin, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, bí olùkọ́ ṣe ń pe rẹ́jísítà láàárọ̀. Bó bá ti pe ọ̀kan, á dúró, á dẹtí sílẹ̀, á mi orí, kó tó bọ́ sí ìkejì. N kò gbọ́ ohùn kankan. Nígbà tó parí, ó ní: "Mo kọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ nípa wọn, n kò sì sọ ọ́ fún wọn. Má ṣe bíi tèmi." Mo fi tíì náà sílẹ̀ láìmu.

Mo kọ lẹ́tà sí Schulamt ní ọjọ́ kejì, ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìgbà tó yẹ kí n ti kọ ọ́. Wọ́n fèsì pé ọmọ náà ti kúrò nílé ẹ̀kọ́, wọ́n sì ti pa fáìlì rẹ̀ dé. Mo fi lẹ́tà wọn sínú dúrọ́ọ̀. Mo ní mo ti ṣe ohun tó wà níkàáwọ́ mi. Irọ́ ni, ọmọ náà kò kú, mo lè wá a lọ.

Nígbà tó ku ọdún kan kí n fẹ̀yìn tì, yunifásítì ra ètò kọ̀ǹpútà kan tó máa ń gbọ́ ohùn inú kásẹ́ẹ̀tì, tí á sì kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni á tún máa pín ohùn kọ̀ọ̀kan: ẹni kìíní, ẹni kejì. Mo kó gbogbo kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ mi fún un. Ti Rothenburgsort wà lára wọn. Mo ń ka ohun tó kọ ní ọ́fíìsì mi láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ẹni kìíní ni Herr Voss. Ẹni kejì ni Ìbídùn. Ìgbà tí mo dé ibi ìbéèrè yẹn, ẹni kẹta wà níbẹ̀.

Mo kọ́kọ́ rò pé ẹni tó ti ń jókòó ti mí láti ọdún wọ̀nyí ló lanu sọ̀rọ̀. Mo fi kásẹ́ẹ̀tì náà sínú ẹ̀rọ, mo tẹ̀ ẹ́. Herr Voss bi ọmọ náà lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá bi ẹlòmíràn nínú yàrá náà, ó ní ṣé kí òun fún un láyè sí i, àbí ọmọ náà kò mọ̀ ọ́n ni. Ohùn obìnrin kan dáhùn láti igun, ohùn ọ̀dọ́bìnrin tó ń kánjú, Jámánì tí England ṣì wà nínú rẹ̀.

"Sie weiß es nicht." Kò mọ̀ ọ́n.

Èmi ni. Ohùn mi ni. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹfà, kò yí padà. Ọkàn mi ti pa á rẹ́, ó wá fi pẹ́ńsùlù àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́ dí ojú rẹ̀.

Ìjọ Harburg ni mo ti rí ẹni tó mọ ibi tí Ìbídùn wà. Ìyá rẹ̀ ti kú. Ìbídùn fúnra rẹ̀ ti fọ ilẹ̀ ilé ìwòsàn fún ọdún púpọ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí nígbà tó ti dàgbà, ó wá ń wa bọ́ọ̀sì báyìí. Mo bá a níbi tí bọ́ọ̀sì rẹ̀ ti ń yí padà, nígbà ìsinmi rẹ̀. Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́, gíláàsì wà lójú rẹ̀. Ó mọ̀ mí kí n tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ káàsán ma. Ẹ jókòó."

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: Gutachten, Berlin, lẹ́tà tó pẹ́, kásẹ́ẹ̀tì. Mo ní kí ó bú mi bó bá fẹ́. Ó gbọ́ ọ títí, ó ń wo ilẹ̀.

"Mo gbọ́ nígbà tí ẹ sọ ọ́, ma," ó wí. "Mo gbọ́ Jámánì dáadáa nígbà yẹn."

"Kí ló wá dé tí o ò dáhùn àwọn ìbéèrè tó kù? Ṣé ẹ̀rù bà ọ́ ni?"

"Rárá o. Mo mọ gbogbo ẹ̀. Kódà orúkọ màmá mi, mo ti ń rò ó pé kí n ní kí wọ́n fún mi ní pẹ́ńsùlù, kí n kọ ọ́, kí n má fi ẹnu pè é." Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún. "Ẹ̀yin wá sọ fún òyìnbó yẹn pé mi ò mọ nǹkan. Àgbà ni yín, ẹ sì jọ màmá mi. Tí mo bá wá dáhùn lẹ́yìn ìyẹn, mo ti sọ yín di òpùrọ́ lójú ẹ̀ nìyẹn. Mo ní kí n kúkú dákẹ́, kó lè jẹ́ pé òótọ́ lẹ sọ."

Wákàtí bọ́ọ̀sì rẹ̀ ti tó. Ó dìde, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀ kí ó tó lọ, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé.